Kálàmù Sheaffer Kan Láti Ṣọ́ọ̀bù Ohun Àtijọ́: Bí Mo Ṣe Tú U àti Bí Mo Ṣe Tún Un Ṣe

Ìsàlẹ̀ àwo onígi kan ni mo ti rí kálàmù onítàdáwà yìí, láàárín àwọn ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo mọ́, àti aago ọwọ́ tó ti kú. Eruku bò ó, ìdérí rẹ̀ sì le pinpin. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni àmì funfun róbótó tó wà lókè ìkọ́ ìdérí náà. Ẹni tó bá ti ń wá kálàmù àtijọ́ kiri mọ àmì yẹn dáadáa. Ní 1924 ni ilé iṣẹ́ Sheaffer bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sára àwọn kálàmù tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà nígbà náà pé àwọn yóò máa tún ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó rà á.

Orí àti ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò pẹlẹbẹ bíi ti ọ̀pọ̀ kálàmù tó ṣáájú rẹ̀. Irú tí wọ́n pè ní Balance nìyẹn, tó jáde ní 1929. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ti ìlú Fort Madison, Iowa, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣì dá ṣáká. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí lẹ́tà tó ṣì jinlẹ̀ fi hàn pé kò tíì sí ẹni tó fi ìpara họ ara kálàmù náà kó lè máa dán.

Ohun tí mo wò kí n tó rà á

Mo kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀, ìyẹn irin tó ń kan bébà tí a bá ń kọ̀wé. Ara kálàmù lè dọ̀tí, ìdérí lè há, irin lè pàwọ̀ dà, gbogbo ìyẹn ló ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti là, tàbí bí góńgó rẹ̀ bá ti jẹ tán, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà oníṣọ̀nà ni yóò gbà, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa jókòó ṣe nínú yàrá. Mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó. Wúrà 14K ni, ìyẹn ni pé nínú ìdá 1,000 rẹ̀, bíi 585 ni wúrà, irin mìíràn tó ń mú un le ló kún ìyókù. Wọ́n fi platinum, irin funfun kan, bo apá kan rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní àwọ̀ méjì, wọ́n sì kọ Lifetime (“gbogbo ọjọ́ ayé”) sí i pẹ̀lú nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rún irin líle tí wọ́n jó mọ́ góńgó rẹ̀ ṣì wà ní apá méjèèjì. Ẹ̀rún yẹn ni gbogbo ẹnu kálàmù. Wúrà rọ̀, bébà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo irin tó jẹ́ ìbátan platinum níbẹ̀, bí iridium, osmium tàbí ruthenium.

Apá òsì ẹnu náà ga ju apá ọ̀tún lọ ní ìwọ̀n irun kan. Mo fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ inú ìdérí láti wá ibi tó bá ti sán. Ètè ìdérí ló sábà máa ń là, torí ibẹ̀ ló ń gba gbogbo ìnira nígbà tí wọ́n bá ń dé e. Bí ibì kan bá ti là, ìmọ́lẹ̀ á fi ìlà tín-ín-rín hàn níbẹ̀. N kò rí ìkankan. Ara kálàmù náà jẹ́ celluloid, irú ike àtijọ́ kan, àwọ̀ ewé àti dúdú ní ìlà-ìlà. Nítòsí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé sókè láti fa tàdáwà, àwọ̀ ewé yẹn ti ń pọ́n rúsúrúsú. Àpò rọ́bà inú rẹ̀ tó ń gba tàdáwà ló fà á: imí ọjọ́ wà nínú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, bó bá sì ṣe ń bà jẹ́ ni èéfín imí ọjọ́ náà ń wọ ara celluloid. Àwọ̀ tó bá ti yí báyẹn kì í padà mọ́. Kò dùn mí. Ibi tó ti pọ́n yẹn kéré, ó sì fi ibi tí àpò náà sùn sí hàn mí kí n tó tú ohunkóhun.

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ láti fa irin ẹ̀gbẹ́ náà sókè, kí wọ́n lè fi hàn mí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fà á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ṣé ó máa gé ẹ jẹ ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àpò rọ́bà tó ti pẹ́ tó báyìí á ti gan, á sì ti le gbagidi. Bí a bá fi ipá tẹ irin mọ́ àpò tó ti gan, àpò náà kò ní gbà, irin ni yóò ṣẹ́, tàbí kí ara kálàmù là ní ibi ihò tí wọ́n gbẹ́ fún irin náà. Ọ̀pọ̀ kálàmù tí ì bá ṣeé tún ṣe ló ti bàjẹ́ sórí tábìlì ìtajà torí ẹnìkan fẹ́ dán an wò. Bàbá gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní àwọn kò ní fa ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Iṣẹ́ tí irin ẹ̀gbẹ́ ń ṣe

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ tú kálàmù yìí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Láyé àtijọ́, ṣíṣí ni wọ́n máa ń ṣí ọ̀pọ̀ kálàmù, tí wọ́n á sì fi ọ̀pá gíláàsì kán tàdáwà sínú rẹ̀. Ọwọ́ á dúdú, aṣọ á dúdú. Walter A. Sheaffer, tó ń ta ohun ẹ̀ṣọ́ ní Fort Madison, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà mìíràn ní 1908. Àpò rọ́bà wà nínú kálàmù, irin pẹlẹbẹ kan tẹ̀ lé àpò náà, irin kékeré mìíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè fi èékánná gbé sókè. Bí a bá gbé e, irin pẹlẹbẹ á tẹ àpò náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde. Bí a bá dá a padà, àpò á tún wú, á sì fa tàdáwà wọlé láti ẹnu. Gbogbo ohun tó ń gbà kò ju bíi mílílítà kan lọ, ó sì tó kọ ojú ìwé púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹlòmíràn yóò tú u. Rọ́bà kì í pẹ́ tó wúrà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọn kò lo àtè tí kò ní jẹ́ kó tú mọ́. Shellac ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà àti Thailand. Ó ń mú dáadáa bó bá tutù, ó sì ń rọ̀ bí ooru bá kàn án. Kálàmù tí mo dì mú yìí ń dúró de ẹni tó máa fi ooru sí i.

Títú ọrùn kúrò lára

Ibi tí a ti ń fi ìka mú kálàmù, tó so ẹnu mọ́ ara, ni mò ń pè ní ọrùn. Ọrùn yìí kì í yí bíi bọ́ọ̀tì. Kíkì ni wọ́n kì í bọ ara kálàmù. Ẹni tí kò mọ̀ á máa lọ́ ọ títí tí yóò fi là.

Ooru gbígbẹ ni mo lò, láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Mo jìnnà sí i díẹ̀, mo ń yí kálàmù náà láìdúró, n kò sì jẹ́ kí ooru sùn sójú kan. Celluloid kì í ṣe ohun eré. Òwú tàbí igi tí wọ́n fi ásíìdì nitric sọ di nǹkan mìíràn, tí wọ́n wá pò mọ́ káńfọ̀, ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń gbiná lójú ẹsẹ̀, ó sì ń rọ̀ ní ìwọ̀n ooru tí kò jìnnà sí èyí tó ń rọ shellac. Nítorí náà, a kì í mú àbẹ́là tàbí ìṣáná sún mọ́ ọn láéláé. Ìka mi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: bó bá ti gbóná dé ibi tí ìka kò lè dúró lé e, mo dáwọ́ dúró, mo gbìyànjú láti mì í, bí kò bá yẹ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń gbóná ni òórùn káńfọ̀ jáde, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Òórùn yẹn ló fi dá mi lójú pé celluloid ni lóòótọ́.

Mo wé rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ ọrùn náà kí ọwọ́ má baà máa yọ̀. Mo ń mì í sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀ báyìí, mo sì ń fà á. Ṣàdédé ni mo rí i pé àlàfo tín-ín-rín kan ti yọ láàárín ọrùn àti ara, ibi tí kò sí ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí wàhálà mọ́. Ó jáde.

Ohun tó kù nínú àpò náà fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkarahun ìgbín tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Mo da èérún rẹ̀ sórí bébà funfun. Nínú díẹ̀ lára wọn, tàdáwà tó ti gbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dán. Nígbà tí bírò wọ ọjà ní New York ní 1945, ọ̀pọ̀ kálàmù báyìí ni wọ́n kàn tì sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú tàdáwà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá fọ̀ wọ́n.

Fífọ̀

Omi kò gbọdọ̀ wọ inú ara kálàmù, torí irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ á dípẹtà. Igi tín-ín-rín tí mo gbẹ́ ṣóńṣó ni mo fi họ èérún rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gbá a jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ náà ní ìpẹtà díẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ta padà bí mo bá gbé irin ẹ̀gbẹ́ sókè. Mo fi sílẹ̀. Bí ó bá ti jẹ tán ni ì bá gba pípààrọ̀.

Ọmú kékeré tó wà lẹ́yìn ọrùn, tí àpò ń wọ̀, ni mo fi èékánná àti ọ̀bẹ tí kò mú họ shellac àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Spíríìtì á tètè yọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń yọ celluloid náà. N kì í jẹ́ kó dé orí tábìlì.

Ẹnu àti ahọ́n ló gba sùúrù. Ahọ́n ni rọ́bà dúdú líle tó wà lábẹ́ ẹnu, tí wọ́n la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sí. Láti ìgbà tí L. E. Waterman ti gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1884 ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí: tàdáwà ń jáde gba ojú ọ̀nà kan, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà yẹn bá dí, kálàmù á kọ̀ láti kọ, ohun yòówù kó wà nínú àpò. Mo ti ẹnu nìkan bọ omi tútù. Omi gbígbóná máa ń sọ rọ́bà dúdú líle di àwọ̀ ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ, ìyẹn kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Kò pẹ́ tí òwú tàdáwà kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti góńgó lọ sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, tóóró, láìdàrú. Àwọ̀ búlúù tó súnmọ́ dúdú. Mo ń pààrọ̀ omi títí tí òwú náà fi tín-ín-rín débi pé mo ní láti fi bébà funfun sẹ́yìn kọ́ọ̀bù kí n tó rí i.

Àwọn kan á ti gbá ẹnu náà jáde láti fọ ahọ́n lọ́tọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é bí omi bá ń kọjá dáadáa. Rọ́bà líle tó ti pẹ́ máa ń là, ẹnu tó ti bá ahọ́n rẹ̀ mu fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í sì í tètè padà sí àyè rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré ni mo fi ń ti omi gba inú ọrùn, síwá sẹ́yìn, títí tó fi mọ́ lóló.

Àpò tuntun

Ìdá 64 íǹṣì kan ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà àpò: nọ́ńbà 16 fẹ̀ tó 16/64 íǹṣì, ìyẹn mílímítà 6.35. Ọrùn tèmi gba nọ́ńbà 16. Mo ki àpò náà bọ ara kálàmù láìtíì lẹ̀ ẹ́, láti rí i pé kò fún mọ́ irin pẹlẹbẹ, mo sì gé gígùn rẹ̀ débi tí kò ní kan ìdí. Àpò tó bá gùn jù á ká, á sì dí irin lọ́wọ́.

Rọ́bà ìbílẹ̀ ni mo yàn, kì í ṣe ti ike tó mọ́ gaara. Fún kálàmù aláwọ̀ funfun tàbí ìyeyè, ti ike ni mo máa gbà, nítorí ọ̀rọ̀ imí ọjọ́ tí mo sọ níṣàájú. Àwọ̀ tèmi ṣókùnkùn, rọ́bà sì rọ̀ ju ike lọ, kò ní máa fún irin ẹ̀gbẹ́ ní wàhálà. Mo fi shellac díẹ̀ yí ọmú náà ká, mo fi ẹ̀mú kékeré la ẹnu àpò, mo sì wọ̀ ọ́ tààrà, torí àpò tó bá lọ́ kò ní wú dáadáa. Mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni mo fi páúdà tí kò ní lọ́fínńdà pa á lára kó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri, mo tún fi ooru díẹ̀ sí ẹnu ara kálàmù, mo sì ki ọrùn padà. Mo rí i dájú pé ẹnu wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú irin ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe tò ó látilẹ̀wá.

Omi ni mo kọ́kọ́ fà, kì í ṣe tàdáwà. Bí mo ṣe gbé irin, ìfófòó jáde láti ẹnu lábẹ́ omi. Mo dá a padà, mo sì dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹnu tó ń kánjú kúrò nínú omi á fa afẹ́fẹ́ dípò. Mo nu ẹnu, mo gbé kálàmù náà dúró sórí bébà ìnuwọ́. Kò jò.

Ẹnu

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ibí sì ni mo gbádùn jù. Ẹnu tó bá burú, ohun tó kù ohun ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹnu Lifetime nípọn, kò rọ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹni tó ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀dà lè jáde lábẹ́ bébà kábọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ń wá ẹnu tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì nígbà ìkọ̀wé kó má rà á. Mo fi tàdáwà kọ ìlà díẹ̀: bí mo bá fà á lọ sí ọ̀tún, ó ń họ bébà, bí mo bá fà á sí òsì, ó ń yọ̀. Bí ó bá ń họ sí apá kan ṣoṣo, kì í ṣe pé góńgó rí págunpàgun. Apá kan ló ga ju èkejì lọ, bí mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá sáré mú bébà ìfá níbẹ̀ á fá ẹ̀rún rere dànù lórí ohun tí èékánná lè tún ṣe.

Mo dojú ẹnu kọ mí, mo mú gíláàsì, mo sì fi èékánná àtàǹpàkò tẹ apá tó ga mọ́ ahọ́n. Mo dì í mú, mo tú u sílẹ̀, mo wò ó. Kò tíì yẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó lé díẹ̀. Irin máa ń padà sí ibi tó ti mọ́ ọn lára, kò sì yẹ kí èèyàn fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni, kí a máa wò ó lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀rún méjèèjì wà ní ìpele kan náà, ìlà tó wà láàárín wọn sì gún.

Híhọ náà lọ, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ṣì gbẹ, ó ń já bí mo bá kọ̀wé yára. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ẹ̀rún há jù. Mo fi idẹ pẹlẹbẹ tí nípọn rẹ̀ jẹ́ 0.05 mílímítà kọjá nínú rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ìdọ̀tí dúdú díẹ̀ sì bá a jáde. Mo tún kọ ọ́. Ìlà náà rin, gbogbo àgbékalẹ̀ “g” láti orí títí dé ìrù jáde láìjá. Bébà ìfá tó kúnná gan-an, ti 12,000, ni mo fi parí rẹ̀: mo fi ẹnu náà ya nọ́ńbà 8 díẹ̀ lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

Ìnu, àti tàdáwà

Aṣọ rírọ̀ àti ìpara tí wọ́n ṣe fún celluloid, fẹ́ẹ́rẹ́, n kò sì kan ibi tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Wúrà ìkọ́ ìdérí ti ṣí ní ibì kan tí idẹ fi yọ. N kò ní í tún un fi wúrà bò. Ọwọ́ ẹni tó lò ó ló nù ún. Platinum ẹnu náà kò gbọdọ̀ rí ìpara kankan rárá, torí ó fẹ́lẹ́.

Tàdáwà búlúù tó rọrùn láti fọ̀ ni mo fà sí i. Tàdáwà India, irú tí wọ́n fi ń yàwòrán, kò gbọdọ̀ dé inú kálàmù onítàdáwà: shellac sábà máa ń wà nínú rẹ̀, bó bá sì gbẹ sínú ahọ́n, omi kò ní lè yọ ọ́ mọ́. Tàdáwà tí wọ́n fi irin àti kókó tó máa ń yọ lára igi oak ṣe máa ń dúdú sí i lórí bébà, kì í sì í tètè pa. Wúrà lè fara dà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbẹ síbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àpò tuntun yìí kọ́kọ́ pẹ́ díẹ̀.

Ó kù kí n mọ̀ bóyá ìdérí ń pa ẹnu mọ́ kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Mo dé e, mo gbé e dúró pẹ̀lú ẹnu lókè di òwúrọ̀, mo sì fà á lórí bébà láìgbọ̀n ọ́n. Lẹ́tà àkọ́kọ́ já ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù jáde pérépéré. Nínú ìdérí Balance, ìdérí kékeré mìíràn wà tó yẹ kó fara kan ọrùn. Ó jọ pé ìdọ̀tí ló gbé ti èyí sókè. Iṣẹ́ tó kàn nìyẹn: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, omi tútù, kí n tún fi òru mìíràn dán an wò.